KIM: MÙSÙLÙMÍ TÍ SINIMÁ FẸ́RÀN

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó fún wa ní ojú láti fi ríran, tí ó sì fún wa ní làákàyè láti fi yẹ ohun tí ojú rí wò. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀. 

Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ kan nínú mọ́sáláṣí wa tọrọ àyè lọ́wọ́ mi láti wo fíìmù àtijọ́ kan lẹ́yìn ìrun alẹ́. Mo yọ̀ǹda fún wọn. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ní Àlùkùránì, wá bá mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní: "Bàbá Ìmáámù, ẹ bá wa dúpẹ́ o. Lẹ́yìn gbogbo fíìmù tí wọ́n ti ń fi onírùngbọ̀n ṣe apànìyàn, a ti rí ọ̀kan tí Mùsùlùmí ti jẹ́ akọni." Mo bi í pé kí ni orúkọ fíìmù náà. Ó ní Kim ni.

Mo mọ ìwé tí wọ́n ti fa fíìmù náà yọ. Ilé ìkàwé yunifásítì ni mo ti kọ́kọ́ kà á, ní ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hu. Mo ní kí wọ́n gbé fíìmù náà wá, mo sì jókòó wò ó tán. Ohun tí mo ń kọ yìí ni èsì mi fún ọmọ náà. N kò bá a jà. Ebi ni ó ń pa á, ebi kí ayé fi ojú rere wo irú òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kì í fẹ́ yẹ oúnjẹ wò kí ó tó fi sí ẹnu. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò.

ÌTÀN NÁÀ

Rudyard Kipling ni ó kọ ìwé náà. Òbí rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Bombay ní Íńdíà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1865. Bàbá rẹ̀ ni olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lahore, ìlú tí ó wà ní Pakísítánì lónìí. Òun náà ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní ìlú yìí láti ọdún 1882. Kim jáde ní ọdún 1901. Ní ọdún 1907 Kipling gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ ìwé kíkọ, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé tí ó gbà á. Kì í ṣe ọ̀lẹ òǹkọ̀wé ni à ń bá jà, ẹ̀yin ará. Ọ̀jáfáfá ni, ìdí sì nìyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi gba ìṣọ́ra.

Ọmọ òrukàn ni Kim. Ọmọ ilẹ̀ Ireland kan tí ó ṣe ológun fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá rẹ̀. Ọmọ náà dàgbà sí ìgboro Lahore, oòrùn pa á dúdú, ó gbọ́ èdè ìlú ju èdè bàbá rẹ̀ lọ. Ó pàdé arúgbó kan tí ó ti Tíbẹ́ẹ̀tì wá, lámà, ìyẹn àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà. Arúgbó yìí ń wá odò kan tí ó gbàgbọ́ pé yóò wẹ ẹ̀ṣẹ̀ òun nù. Kim di ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń bá a tọrọ oúnjẹ lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n Kim ní ọ̀rẹ́ mìíràn, Mahbub Ali, oníṣòwò ẹṣin, Mùsùlùmí, ọmọ ẹ̀yà Pashtun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Pathan. Ó pa irùngbọ̀n rẹ̀ láró pupa. Ẹṣin ni ó ń tà lójú ayé. Ní ìkọ̀kọ̀, amí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba, wọn kò kọ orúkọ rẹ̀. Àmì ni wọ́n kọ, C25 1B. Òun ni ó kọ́kọ́ rán Kim ní iṣẹ́ amí, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Creighton sì ni ó wá gba ọmọ náà, tí ó fi í sí ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà yanjú. Ní ìparí, Kim bá arúgbó rẹ̀ gun òkè lọ ní àríwá. Arúgbó ń wá odò. Kim ń ṣọ́ àwọn amí Rọ́ṣíà. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe iṣẹ́ yìí ni Eré Ńlá.

Ní ìparí ọdún 1950 ni ilé-iṣẹ́ MGM ti Hollywood sọ ìwé yìí di fíìmù aláwọ̀ mèremère. Victor Saville ni ó darí rẹ̀. Dean Stockwell, ọmọdé Amẹ́ríkà, ni ó ṣe Kim. Paul Lukas, ọmọ Hungary, ni ó ṣe lámà. Mahbub Ali bọ́ sí ọwọ́ Errol Flynn, gbajúmọ̀ òṣèré tí wọ́n bí ní Tasmania ní ilẹ̀ Ọsirélíà, orúkọ rẹ̀ ni ó sì ṣáájú ti gbogbo wọn. Wọ́n ya apá kan rẹ̀ ní Íńdíà. Ṣùgbọ́n àwọn òkè kan tí ẹ rí tí ẹ ń pè ní òkè Khyber, California ni wọ́n wà, lẹ́bàá ìlú Lone Pine. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe fún tẹlifíṣàn ní ọdún 1984, Peter O'Toole di lámà. Mahbub Ali sì tún bọ́ sí ọwọ́ ọmọ Ọsirélíà mìíràn, Bryan Brown. Èyí kọ́ ni ó dùn mí jù. Bí wọ́n bá kun òyìnbó ní ọ̀dà, tí wọ́n wé láwànì fún un, ojú lè tètè já a. Ohun tí ojú kò tètè rí ni mo fẹ́ sọ.

KÍ NI AKỌNI YÌÍ ṢE?

Ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ ara wa: kí ni Mahbub Ali ṣe tí ó fi di akọni? Ìwé náà dáhùn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó rán Kim ni ìwé kan tí ó dà bí àkọsílẹ̀ ìran ẹṣin funfun kan. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé àwọn ọba 5 ní àríwá ti so ọwọ́ pọ̀. Mùsùlùmí kan tí ó jẹ ọba ní gúúsù, tí ìdajì àṣẹ ilẹ̀ rẹ̀ ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀, wà lára àwọn tí ìwé náà tú àṣírí wọn. Kim gbé e dé ọ̀dọ̀ Creighton. Ó lúgọ sínú koríko, ó sì gbọ́ tí wọ́n ń pàṣẹ pé kí ọmọ ogun 8,000 gbéra. Wọ́n ní kì í ṣe ogun, ìjìyà ni.

Ìjìyà! Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ta ni ó ń jẹ ẹlòmíràn níyà lórí ilẹ̀ ẹni náà? Kò sí ojú ìwé kan tí ọ̀kan nínú àwọn ọba 5 náà ti la ẹnu sọ ìdí tí wọ́n fi so ọwọ́ pọ̀. A kò rí ìyàwó wọn, a kò rí ọmọ wọn, a kò rí abúlé tí àwọn 8,000 náà kọjá nínú rẹ̀. Ohun tí a rí ni ọmọdé tí inú rẹ̀ ń dùn pé òun jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán òun. Àwa òǹkàwé náà sì bá a yọ̀. Iṣẹ́ ọgbọ́n òǹkọ̀wé nìyẹn: ó ti mú wa lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìn ìbọn kí a tó mọ̀ pé ìbọn wà níbẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀nà tí Mahbub Ali fi rán an. Ó mọ̀ pé àwọn ọ̀tá ń wá ìwé náà, àti pé ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ lè kú. Ó bọ́ ẹrù ikú kúrò ní ọrùn ara rẹ̀, ó gbé e kọ́ ọrùn ọmọ òrukàn tí kò sọ òtítọ́ fún. Àwa tí ẹ̀sìn wa ka ọmọ òrukàn sí nǹkan ńlá, ṣé ẹni báyìí ni a ó máa pè ní akọni wa?

Ọmọ Pashtun ni. Láti 1839 sí 1842, àti láti 1878 sí 1880, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ogun wọ Afghanistan, ilẹ̀ tí ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ sí. Àwọn tí ó ń bá a jẹun nínú ọgbà èrò, tí wọ́n jọ ń kí Ọlọ́hun, ni ó ń kọ ìròyìn wọn ránṣẹ́. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Mahbub Ali ta ará ilé rẹ̀, sinimá sì fún un ní ẹṣin arẹwà, ẹ̀rín ìyangàn àti orin ológo. Ọmọ mi, Mùsùlùmí tí sinimá ń fi ṣe apànìyàn àti Mùsùlùmí tí sinimá ń fi ṣe akọni báyìí, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ti àkọ́kọ́ kọ̀ láti sìn wọ́n, wọ́n kórìíra rẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kejì gbà láti sìn wọ́n, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí èyí tí wọ́n béèrè ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ẹnìkan yóò sọ pé: "Bàbá Ìmáámù, ṣé kì í ṣe aninilára ni Rọ́ṣíà náà?" Òótọ́ ni, ẹni tí ó bá sì sẹ́ ẹ kò ka ìtàn. Rọ́ṣíà gba Tashkent ní ọdún 1865, ó gba Samarkand ní 1868, ó wọ Khiva ní 1873, ó sì pa àwọn Turkmen ní ìpakúpa ní Geok Tepe ní 1881. Ilẹ̀ Mùsùlùmí ni gbogbo wọn. Ìtòsí Samarkand ni wọ́n sin Ìmáámù Bukhari sí, ẹni tí a ń ka àkójọ hádíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo. Nítorí náà n kò gbèjà Rọ́ṣíà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìkookò méjì ń jà sí ẹran ọ̀sìn, fíìmù náà wá pe ọ̀kan ní ìkookò, ó pe èkejì ní darandaran. Eré Ńlá ni wọ́n pè é. Lójú ẹni tí ó jókòó ti ọpọ́n, eré ni ayò. Ọmọ ayò tí wọ́n ń kó láti ihò kan sí ihò kejì, ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá eré ni.

Ẹ sì kíyè sí àkókò. Ilé-iṣẹ́ MGM ti ń gbèrò fíìmù yìí ṣáájú ogun àgbáyé kejì. Nígbà tí ogun dé, tí Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà jọ ń bá Hitler jà, wọn kò yà á. Ní ọdún 1950, nígbà tí Rọ́ṣíà ti padà di ọ̀tá, fíìmù jáde, amí Rọ́ṣíà sì ni ọ̀dàlẹ̀ inú rẹ̀. Íńdíà àti Pakísítánì ti gba òmìnira ní ọdún 1947, síbẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń sá tẹ̀lé Kọ́nẹ́ẹ̀lì Gẹ̀ẹ́sì nínú sinimá bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kankan kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀SÌN TÍ WỌ́N SỌ DI AṢỌ

Ẹ̀sùn mi kejì tún wúwo ju èyí lọ. Nínú ìtàn náà, ẹ̀sìn jẹ́ ẹ̀wù tí amí ń gbé wọ̀. Wọ́n kọ́ Kim láti máa fi tẹ̀sùbáà ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, kí ó lè mọ bí ọ̀nà ti gùn tó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Kipling kò dá a rò. Lẹ́yìn ọdún 1860, Thomas Montgomerie, ọ̀gá ológun tí ó wà nínú iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ Íńdíà, kọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ láti máa wọ ilẹ̀ tí òyìnbó kò lè wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Nain Singh, olùkọ́ ilé ìwé, wọ Lhasa, olú ìlú Tíbẹ́ẹ̀tì, ní ọdún 1866. Tẹ̀sùbáà ẹlẹ́sìn Búdà máa ń ní ọmọ 108. Tirẹ̀ ní 100, kí ìṣirò lè rọrùn. Ní gbogbo 100 ìṣísẹ̀, yóò ta ọmọ tẹ̀sùbáà kan. Nínú àgbá kékeré tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà máa ń yí fún àdúrà, ìwé ìṣirò ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe àdúrà. Ẹgbẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ ní London fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní ọdún 1877. Ní ọdún 1863 ni Montgomerie ti kọ́kọ́ rán Mùsùlùmí kan, Mohamed-i-Hameed, lọ sí Yarkand. Ó dé ibẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kú lójú ọ̀nà àbọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wo ó. Ọkùnrin kan ń lọ lójú ọ̀nà, ó ń ta tẹ̀sùbáà, ètè rẹ̀ ń mì. Àwọn ará abúlé rí i, wọ́n ní ẹni Ọlọ́hun ni, wọ́n fún un ní omi, wọ́n fún un ní ibùsùn. Ohun tí ó ń kà ni jíjìnnà ilé wọn sí ìbọn. Bí wọ́n bá wá mọ̀ lọ́jọ́ kan, báwo ni àlejò olódodo tí ó kàn ṣe máa rí omi mu ní abúlé náà? Ẹni tí ó fi ẹ̀sìn ṣe ìbòjú kò ja ẹni tí ó tàn nìkan lólè. Ó ja gbogbo àwọn olùjọ́sìn tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lólè.

Nínú Sūratul-Hujurāt, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa tọ pinpin àṣírí ara wa. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn tí ó kàwé nínú yín yóò rán mi létí Hudhayfah ọmọ al-Yaman. Wọn kò jẹ̀bi. Ní ogun Khandaq, nígbà tí àwọn ọmọ ogun yí Mọ̀dínà ká, Ànábì wa rán an ní òru òtútù pé kí ó lọ mú ìròyìn àgọ́ ọ̀tá wá. Ó lọ, ó rí olórí wọn níwájú rẹ̀, ó lè pa á, ṣùgbọ́n wọn kò rán an ní ìyẹn, ó sì fi ọfà rẹ̀ padà. Ẹ fi èyí wé ti Kim. Hudhayfah lọ sí àgọ́ ogun tí ó ti dé ẹnu odi ìlú rẹ̀. Kò lọ sí abúlé ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sí ilé rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fún un ní oúnjẹ tí ó dà. Kò fi orúkọ Ọlọ́hun bo ojú. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Hudhayfah gbèjà Mahbub Ali, kí ó kọ́kọ́ fi ìlú tí Mahbub Ali ń dáàbò bò hàn wá.

OWÓ ILÉ ÌWÉ TÍ ARÚGBÓ SAN

Mo ní kí a ṣe òdodo sí Kipling, nítorí pé Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa pé kí ìkórìíra má gba òdodo lọ́wọ́ wa. Ìwé náà dára ju fíìmù lọ, ọ̀rọ̀ arúgbó náà ni ó sì mú un dára. Nígbà tí wọ́n gba Kim lọ́wọ́ rẹ̀, lámà béèrè iye tí ilé ẹ̀kọ́ tí ó dára jù ń gbà. Ẹni tí ó ń fi abọ́ tọrọ ìrẹsì lójú ọ̀nà ni o! Ó sì fi 300 rúpìì ránṣẹ́ fún ọdún kan. Ó rò pé ọgbọ́n ni òun ń rà fún ọmọ òun, kí ó lè ṣe ènìyàn. Ilé ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n ti ń múra ọmọ náà sílẹ̀ fún iṣẹ́ amí. Arúgbó tí kò pa eṣinṣin ni ó san owó iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ ìjọba, kò sì mọ̀ títí ìwé fi parí.

Mo ti jẹ́ olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo mọ ìyá tí ń ta ẹ̀kọ kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé. Nítorí náà, ibi tí mo bá kà dé níbẹ̀, n kì í lè rẹ́rìn-ín mọ́. Kim fẹ́ràn arúgbó náà ní òtítọ́, Kipling kò sì purọ́ nípa ìfẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ó fi ìfẹ́ náà ṣe ìbòjú fún iṣẹ́ rẹ̀, òǹkọ̀wé sì fẹ́ kí a gbà pé kò sí ìjà láàárín méjèèjì. Ìjà wà níbẹ̀. Gbèsè wà níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí fíìmù fi ìyẹn ṣe. Nínú ìwé, amí Rọ́ṣíà lu lámà ní ojú, ó ya àwòrán mímọ́ rẹ̀. Kim bá a jà, àwọn aláàárù sì kọ ẹ̀yìn sí àwọn àjèjì náà. Arúgbó ni ó ní kí wọ́n má pa ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ó ń ṣàárẹ̀ nítorí ìbínú tí ó wọ ọkàn òun fúnra rẹ̀. Kò sí amí tí ó kú. Nínú fíìmù, òkúta ya lulẹ̀ láti orí òkè, ó bo àwọn ọ̀tá mọ́lẹ̀, Mahbub Ali ti Errol Flynn sì ni ọ̀gá ibẹ̀. Nínú ìwé, arúgbó rí odò rẹ̀, ó sì padà wá sí ayé nítorí ọmọ rẹ̀. Nínú fíìmù, ó rí odò, ó kú. Ẹ rí i pé ó rọrùn: òkú kì í béèrè ibi tí owó ilé ìwé òun lọ. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè dá Kipling lẹ́bi nínú ìwé ara rẹ̀, Hollywood sin ín.

ẸNI TÍ KÒ RÍ ÀYÈ SỌ̀RỌ̀

Lucknow ni ilé ẹ̀kọ́ Kim wà. Ẹ fi orúkọ ìlú náà sọ́kàn. Ní ọdún 1857, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Íńdíà dìde sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin Mùsùlùmí kan, Begum Hazrat Mahal, ni ó ṣe olórí ìjà ní Lucknow. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun, ó kọ̀ láti tẹrí ba, ó sá lọ sí Nepal, ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 1879. Ìwé Kim kò dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí Kipling fi sọ ìtàn 1857 ni arúgbó ológun kan, ọmọ Íńdíà, tí ó dúró ti Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ó ní wèrè ni ó kọlu àwọn ará òun. Edward Said, ọ̀mọ̀wé ará Palẹsitínì, tọ́ka sí èyí nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1993: ẹnu ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ aṣẹ́gun.

Ẹlẹ́rìí mìíràn wà. Fadl-i-Haq Khairabadi, àlùfáà ńlá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá a lẹ́bi pé ó lọ́wọ́ nínú ìdìde 1857, wọ́n sì lé e lọ sí erékùṣù Andaman. Ibẹ̀ ni ó ti fi èdè Lárúbáwá kọ ìtàn ìdìde náà àti ìyà tí ó jẹ wọ́n, ibẹ̀ náà ni ó kú sí ní ọdún 1861. Èdè Lárúbáwá, èdè tí a fi ń kọ́ yín láti kékeré! Mélòó nínú yín ni ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí? Ṣùgbọ́n gbogbo yín ti mọ Errol Flynn.

ÈSÌ MI

Àwọn kan yóò ní kí n fi òfin de fíìmù náà. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a kò jẹ́ kí ó wò ó ní ojú wa yóò wò ó lẹ́yìn wa, kò sì ní sí ẹni tí yóò béèrè ìbéèrè níbẹ̀. Àwọn kan yóò ní eré lásán ni, kí n má ka ọ̀rọ̀ sí i. Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n wo ohun tí "eré lásán" yìí ti bí. Baden-Powell mú eré tí wọ́n fi kọ́ Kim ní ìrántí, ìyẹn kí wọ́n kó nǹkan sórí tábìlì, kí wọ́n bò ó, kí ọmọ ka ohun tí ó rí, ó fi kọ́ àwọn ọmọ Boys Scout. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe Boys Scout lè ti ta á láìmọ orírun rẹ̀. Ní ọdún 1912, wọ́n bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan ní Ambala ní Íńdíà, wọ́n sì fi Kim inú ìwé yìí sọ ọ́ lórúkọ ìnagijẹ. Kim Philby ni. Ó dàgbà, ó di ọ̀gá amí ní London, ó sì jẹ́ pé Rọ́ṣíà ni ó ń ṣiṣẹ́ fún ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ó sá lọ sí Moscow ní 1963, ó kú síbẹ̀ ní 1988. Bàbá rẹ̀, St John Philby, ti gba Ìsìláàmù ní ọdún 1930, ó sì jẹ́ olùdámọ̀ràn Ọba Ibn Saud. Bàbá wá ilé fún ọkàn rẹ̀. Ọmọ gba orúkọ inú ìwé, ó sì gbé ìwà inú ìwé náà dé ibi tí òǹkọ̀wé kò rò. Ẹni tí wọ́n kọ́ pé kí ó máa gbé ojú oríṣiríṣi wọ̀, ta ni yóò sọ fún un èwo ni ojú rẹ̀? Kim inú ìwé pàápàá béèrè léraléra pé ta ni òun. Kò rí èsì.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí o bá tún jókòó síwájú irú fíìmù yìí, wò ó tán, ṣùgbọ́n fi ìbéèrè 3 sí àpò. Èkíní: ta ni ó jẹ àǹfààní ìgboyà akọni yìí? Èkejì: ta ni ó kú tí wọn kò jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀? Ẹ̀kẹta: kí ni akọni yìí fi san oore ẹni tí ó ṣe é lóore? Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Bí a bá ń rẹ́rìn-ín ńkọ́? Ìgbà yẹn ni ojú tètè ń fọ́.

Lẹ́yìn náà, lọ ka ìwé náà fúnra rẹ. Lọ wá ìwé Khairabadi, kí o tú u sí èdè wa, èmi yóò jókòó tì ọ́ tí a ó fi parí rẹ̀. Bí Ọlọ́hun bá fún ẹnikẹ́ni nínú yín ní ẹ̀bùn ìwé kíkọ tàbí ti fíìmù ṣíṣe, kí ó ṣe ti arúgbó tí ó san owó ilé ìwé, ní ọjọ́ tí ó mọ ohun tí owó rẹ̀ rà. Fíìmù yẹn ni mo fẹ́ wò.

O wá akọni Mùsùlùmí nínú fíìmù Kim, o ní Mahbub Ali ni. Nínú ìtàn yẹn, èmi rí olódodo kan, kì í ṣe Mùsùlùmí: arúgbó tí ó fún ọmọ ọlọ́mọ ní gbogbo ohun tí ó ní, tí kò béèrè nǹkan kan padà. Òdodo ni òdodo, ibikíbi tí a bá ti rí i. Kí Ọlọ́hun má ṣe wá ní ẹni tí yóò fi ẹ̀sìn bo ojú. Kí Ó má jẹ́ kí ọ̀tá fi ọwọ́ wa tú ilé wa. Kí Ó fún wa ní ojú tí ń ríran àti ahọ́n tí ń sọ òtítọ́. Àmín.